Ìṣẹ́jú Méjì Péré

Wọ́n ní ìṣẹ́jú méjì péré ni àwọn fẹ́.
Kí n dúró gbọn-in, kí n wo ojú fóònù,
kí n di ẹlòmíràn fún ìṣẹ́jú méjì,
kí n má sì jẹ́ kí ohùn ẹnikẹ́ni dá sí i.
Wọ́n kọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ní lẹ́tà gàdàgbà.
Àwọn tó kọ ọ́ ò mọ Ìsàlẹ̀-Àfọ́n.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ta ní í rí ìdákẹ́jẹ́ rà?
Mo jí ní aago mẹ́rin, mo rò pé mo ti gbọ́n,
mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé "Ẹ má gbé e lọ" báyìí,
ni àkùkọ ìyá Adéògún bá gbà á lẹ́nu mi.
Mo sún un di ọ̀sán, ẹ̀rọ ìlọta Ràímì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.
Mo wọ inú oko kajú lẹ́yìn Arówómọlé,
èmi àti ewé gbígbẹ, èmi àti kòkòrò,
ọlọ́kadà kan dúró lójú ọ̀nà, ó ké sí mi:
"Àǹtí, ta lẹ ń bá jà? Ṣé kí n pe èèyàn?"

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lé ìwé yìí.
Mo gboyè àkọ́kọ́, mo ń kọ́ ọmọ ní Gírámà;
owó oṣù mi, ẹ jẹ́ á fi í sílẹ̀.
Bàbá mi ní: "Eré náà lo tún fẹ́ lọ kọ́ sí i?
Èyí tó o ṣe láti kékeré ò tíì tó?"
Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. N ò rẹ́rìn-ín.
Lọ́dún àkọ́kọ́, níwájú tábìlì gígùn kan,
ọkùnrin onígíláàsì gbé ọwọ́ sókè
kí n tó mí èémí ìkejì:
"Ó tó. A dúpẹ́."
Ó tó! Bí ẹni tí wọ́n ń bu ọbẹ̀ fún.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo rántí kòtò ìrìbọmi.
Ẹ̀yìn pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà, táìsì aláwọ̀ ojú ọ̀run;
ibẹ̀ ni wọ́n ti rì mí bọmi lọ́mọ ọdún méjìlá,
tí omi wọ̀ mí nímú, tí mo rò pé ikú ló dé.
Ó ti gbẹ báyìí. Aláǹgbá kan ló ni ín.
Bàbá Oyèwùsì tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kọ́kọ́rọ́.
Mo ní kó bá mi di fóònù mú, kó má mira,
kó má sọ̀rọ̀, bó ti wù kó rí.
Ó ní: "Ogójì ọdún ni mo fi dákẹ́ nídìí ìwàásù.
Tìrẹ ò lè pa mí."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́rin.
Mo di ìyá kan tí ò jẹ́ kí wọ́n sin ọmọ òun,
tó jókòó ti pósí, tó ń ka eyín ọmọ fún wọn:
"Èyí hù ní oṣù keje.
Èyí kán lọ́jọ́ tó jábọ́ lórí igi màńgòrò.
Ẹ má gbé e lọ. N ò tíì kà á tán."
Ògiri gba ohùn mi, ó dá a padà fún mi,
ó wúwo ju bí mo ṣe fi ránṣẹ́ lọ.
N ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ, lókè orí mi,
ohùn àgbà tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́:
"Háà. Pẹ̀lẹ́, ìyá. Pẹ̀lẹ́ o."

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Wọ́n mọ́ tónítóní,
bí àwo tí ẹnikẹ́ni ò jẹun nínú ẹ̀ rí.
Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo wo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà,
bátìrì fóònù ti fẹ́ẹ̀ kú.
Àkọ́kọ́ ni mo fi ránṣẹ́,
pẹ̀lú pẹ̀lẹ́ Bàbá Oyèwùsì nínú rẹ̀,
pẹ̀lú àtàǹpàkò rẹ̀ tó bo igun kan.

Oṣù méjì ti kọjá. Wọn ò tíì fèsì.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí ìsìn bá ti parí,
á gbá abẹ́ àga títí dé ọ̀dọ̀ mi,
á fi ìgbálẹ̀ ti ẹsẹ̀ mi díẹ̀, á bi mí jẹ́jẹ́:
"Obìnrin yẹn, ṣé ó ti jẹ́ kí wọ́n sin ín?"
Mo ní, rárá, Bàbá. Ó ṣì ń ka eyín.